Kí ni "planet" túmọ̀ sí gan-an? Èsì fún Ìyá Ìbejì ọmọ Ìkẹ̀rẹ́

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì ni mí, Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àwọn ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún 9. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wọn ní kí wọ́n lọ wádìí ohun tí ọ̀rọ̀ "planet" túmọ̀ sí àti ibi tó ti wá. Ó ní kí ọmọ tí wọ́n bá ń sọ èdè mìíràn nílé rẹ̀ bi àwọn òbí rẹ̀ léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é. Táíwò bi mí, mo ní ìràwọ̀ ni. Kẹ́hìndé ti gba ọ̀rọ̀ náà kí n tó dákẹ́: "Rárá o, Màmá! Planet kì í ṣe ìràwọ̀. Oòrùn ni ìràwọ̀." Mo wo ojú ọkọ mi, òun náà wo ojú mi. Ó dùn mí, kí n má parọ́, torí ó wá dà bí ẹni pé àwọn baba wa kò mọ ohun tó wà lójú ọ̀run. Kérésì 2026 yìí la fẹ́ kó wọn lọ sílé, màmá mi ti ń ka ọjọ́. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì

Èsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹ̀jìrẹ́, Ọlọ́run á dá wọn sí. Ọmọ Ìdó-Èkìtì ni èmi, Bristol ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí ti da irú ìbéèrè yìí bò mí rí, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín rárá. Ká ní ẹ lè bi àwọn Gíríkì tó ni ọ̀rọ̀ náà léèrè, ohun tí ẹ sọ fún Táíwò gan-an ni wọn ì bá sọ: ìràwọ̀ ni. Wọn yóò kàn fi kún un pé ìràwọ̀ tó ń rìn kiri ni. Lédè Gíríkì àtijọ́, "planasthai" ni kí nǹkan máa rìn káàkiri, kí ó máa ṣáko. Inú rẹ̀ ni "planetes" ti jáde, ìyẹn alárìnkiri. Orúkọ náà lódindi ni "planetes asteres", ìràwọ̀ alárìnkiri. "Aster" tó wà nínú rẹ̀ yẹn ni ìràwọ̀, òun náà ló wà nínú "astronomy". Òun ló tún wà nínú "asterisk", àmì kékeré tí a máa ń tẹ̀ lórí fóònù ní Nàìjíríà kí a tó mọ iye owó tó kù sórí láìnì: ìràwọ̀ kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ fi han àwọn ọmọ lórí fóònù yín, wọn kò ní gbàgbé.

Kí ló dé tí wọ́n fi pè é ní alárìnkiri? Ẹni tó bá ń wo ọ̀run lálaalẹ́ yóò mọ̀. Àwọn ìràwọ̀ ń yọ, wọ́n ń wọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò lánàá ni wọ́n ṣe tò lónìí. Wọ́n dà bí àwọn tó wọ aṣọ ẹbí kan náà tí wọ́n tò wọ ojú agbo, kò sí ẹni tó ń kúrò lẹ́yìn ẹnì kejì rẹ̀. Méje péré ni àwọn Gíríkì rí tí kò bá àwọn yòókù tò: oòrùn, òṣùpá, Mercury, Venus, Mars, Jupiter àti Saturn. Oṣù yìí, ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ yìí. Nígbà tí oṣù mìíràn bá lé, ó ti ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn àti òṣùpá wà lára "planet" nígbà náà, ayé tí a wà nínú rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Àwọn ará Róòmù gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ Gíríkì. Wọ́n kọ́kọ́ tú u sí èdè tiwọn, "stellae errantes", ìràwọ̀ aṣáko, láti inú ọ̀rọ̀ kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí "error" tó ń pe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mú ti Gíríkì náà, wọ́n ń pè é ní "planeta". Ó ti ibẹ̀ dé ẹnu àwọn Faransé, ó sì bọ́ sẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kì í rìnrìn àjò kí ohùn rẹ̀ má yí díẹ̀. Àwa tí à ń pe ilé ní ulé l'Ékìtì, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti ṣàlàyé fún ọmọ.

Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà dúró ṣùgbọ́n ẹrù inú rẹ̀ yí padà. Ní 1543, ìwé Copernicus jáde, ó ní oòrùn ló wà láàárín, pé ayé ló ń yí i po. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń gba èyí gbọ́ díẹ̀díẹ̀, oòrùn kúrò nínú ẹgbẹ́ alárìnkiri, torí òun kọ́ ló ń rìn lójú wa. Òṣùpá náà kúrò, torí ayé ló ń yí po. Ayé wá bọ́ sínú ẹgbẹ́. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró díẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ nìyí. Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí, òkè Ọlọ́sunta tó dúró gbagidi n'Íkẹ̀rẹ́ láti ayébáyé, gbogbo rẹ̀ wà lórí alárìnkiri kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ mi, ó kúnlẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó ti ń mì.

Ìtàn kan wà nítòsí ọ̀dọ̀ wa níbí tí mo fẹ́ràn gan-an, torí ti àlejò bíi tiwa ni. William Herschel jẹ́ ará Jámánì. Olórin ni, ó wá wá iṣẹ́ jẹ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó sì ń tẹ dùùrù fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú Bath. Lálẹ́ ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò awọ̀nàjíjìn, tí ó ń dán dígí rẹ̀. Ní ọjọ́ 13, oṣù Ẹrẹ́nà, 1781, nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó rí nǹkan kan tó ṣe roboto, tó sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ìràwọ̀ onírù ni, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "comet". Àṣé planet tuntun ni, Uranus, àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi awò rí látìgbà ìwáṣẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Caroline, tó wá bá a láti Jámánì, di awòràwọ̀ pàtàkì fúnra rẹ̀, ó rí ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ. Ilé náà ṣì wà ní Bath, wọ́n ti sọ ọ́ di mùsíọ́ọ̀mù. Mo mú ọmọ mi lọ. Ọgbà náà kò ju ẹ̀yìnkùlé èèyàn lásán lọ, ògiri yí i ká. Ọmọ mi dúró sí àárín rẹ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ibí ni?" Ibẹ̀ náà ni.

Neptune tẹ̀lé e ní 1846, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìṣirò mọ ibi tí wọ́n máa wò. Pluto dé ní 1930. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan ní Oxford, Venetia Burney, ló dá orúkọ Pluto lábàá, wọ́n sì gbà á. Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò gbádùn ìyẹn. Ní ọjọ́ 24, oṣù Ògún, 2006, àwọn awòràwọ̀ àgbáyé dìbò ní ìlú Prague lórí ohun tí a lè máa pè ní planet nínú agbo oòrùn wa. Ó gbọ́dọ̀ máa yí oòrùn po, ó gbọ́dọ̀ tóbi débi pé ìwúwo ara rẹ̀ yóò fún un pọ̀ di roboto, ó sì gbọ́dọ̀ ti gba ọ̀nà tirẹ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn òkúta mìíràn. Pluto kò ṣe ẹ̀kẹta yìí, ni ó ṣe ku mẹ́jọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ parí ìjà àwọn ìbejì: lónìí, Kẹ́hìndé ló sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìràwọ̀ ń jó fúnra rẹ̀ bí oòrùn. Planet kò ní iná tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń tàn padà sójú wa bíi dígí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, Táíwò àti ìyá rẹ̀ ló jàre.

Mo ń bọ̀ wá sí ibi tó dùn yín.

Àwọn baba wa mọ̀, Ìyá Ìbejì. Ẹ rántí àgùàlà, ìmọ́lẹ̀ funfun tó máa ń tàn gbòò ní ìwọ̀-oòrùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tàbí ní ìlà-oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Venus ni. Lẹ́yìn oòrùn àti òṣùpá, kò sí ohun tó mọ́lẹ̀ tó o lójú ọ̀run. Ẹ sì rántí òwe rẹ̀: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni; àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. A máa ń pa á fún ẹni tó bá rí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́lá, tó wá rò pé ìránṣẹ́ rẹ̀ ni wá. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré, n kò sì bi ara mi rí bóyá ẹni tó kọ́kọ́ pa á wo ọ̀run dáadáa. Ó wò ó o.

Ní Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025 a wà ní Ìdó. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún 8 nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 3 oṣù náà, iná ti lọ, bàbá mi jókòó síta lórí àga onígi rẹ̀, ó wọ súwẹ́tà nítorí ọ̀yẹ́. Òṣùpá tín-ín-rín ti yọ lókè òrùlé ilé ọ̀ọ́kán, àgùàlà sì lẹ̀ mọ́ ọn tó jẹ́ pé ìka méjì ni ọmọ mi nà tó fi bo àárín wọn. Ó bi bàbá àgbà rẹ̀ pé kí nìyẹn. Bàbá pa òwe náà fún un, ó sì fi kún un pé: "Padà wá lọ́la, kí o wá wo ajá náà bóyá yóò tẹ̀lé olówó rẹ̀."

Kò jẹ́ kí n jẹun lálẹ́ ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ló ti fà mí jáde. Àgùàlà wà ní ibi tó wà lánàá, lókè òrùlé ilé ọ̀ọ́kán. Òṣùpá ti lọ. Ó ti gòkè sílẹ̀kùn ọ̀run mìíràn, ó fi ju ìkúùkù kan lọ bí èèyàn bá na apá rẹ̀ gbọọrọ, ìmọ́lẹ̀ kékeré mìíràn ló sì wà nítòsí rẹ̀ báyìí, Saturn. Ọmọ mi pariwo, "Kò tẹ̀lé e!" Bàbá mi kò yí ọrùn. Ó ní, "Ṣé mo sọ fún ọ?"

Òṣùpá ń yí ayé po ní bí ọjọ́ 27, torí náà ojoojúmọ́ ló ń fò sẹ́yìn gbogbo ìràwọ̀ síhà ìlà-oòrùn. Àgùàlà ní ọ̀nà tirẹ̀ yí oòrùn po, ó sì ń rìn ín ní ìrìn tirẹ̀. Ojú lásán ni ó mú wọn jọ rìn ní alẹ́ kan. Ohun tí àwọn Gíríkì rí tí wọ́n fi sọ wọ́n ní alárìnkiri, òun gan-an ni àwọn baba wa fi pa òwe. N kò ní tan yín pé orúkọ kan wà lẹ́nu gbogbo Yorùbá tó kó àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀. "Pílánẹ́ẹ̀tì" ni ọ̀pọ̀ ń pè é lónìí, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà yá a ni. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ń bèèrè, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ "àgùàlà" síwèé, kí wọ́n fi òwe rẹ̀ tì í. Ẹ kọ́ wọn kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: à-gù-à-là.

Ohun kan tún wà tó yẹ ìbejì. Àgùàlà wà nínú lọ́hùn-ún sí oòrùn jù wá lọ, ni kì í fi jìnnà sí i. Ẹ kò lè rí i lọ́gànjọ́ òru nílé láéláé. Oṣù bíi mélòó kan ni ó fi ń yọ lálẹ́, yóò wá farasin, yóò tún yọ láàárọ̀. Àwọn Gíríkì àtijọ́ rò pé méjì ni: wọ́n pe ti alẹ́ ní Hesperus, ti òwúrọ̀ ní Phosphorus. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ wo ìyàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tiyín: méjì ni ẹ bí, tí àwọn èèyàn ń pè ní ọ̀kan.

Kẹ́hìndé yìí, bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, yóò bi yín ìdí tí alárìnkiri fi máa ń fẹ̀yìn rìn nígbà mìíràn, torí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọ̀nà Adó sí Ìfàkì. Bí ọkọ̀ yín bá fẹ́ kọjá lára tírélà tó ru pákó, kí ó tẹjú mọ́ tírélà náà àti àwọn òkè tó wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn rẹ̀. Iwájú ni tírélà ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń kọjá, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé ó ń fà sẹ́yìn níwájú àwọn òkè yẹn. Ayé ń yí oòrùn po ní ọjọ́ 365, Mars ń lo 687, torí náà ní bí oṣù 26 sí ara wọn a máa ń kọjá lára rẹ̀. Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025 tí mo sọ yẹn, à ń kọjá lára rẹ̀ lọ́wọ́. Ó pọ́n bí ẹyin ẹyìn ní ìlà-oòrùn, ó sì ń fẹ̀yìn rìn lójú wa.

Fún Kérésì yín: àgùàlà ti òwúrọ̀ ni ẹ óò bá nílé. Ẹ jí àwọn ọmọ ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹ wá ibi tí òkè kò ti dí ìlà-oòrùn, torí n'Íkẹ̀rẹ́ àpáta lè gba gbogbo ìsàlẹ̀ ọ̀run lójú yín. Ọ̀yẹ́ lè mú kí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké pòórá nínú eruku, àgùàlà á ṣì hàn. Jupiter àti Mars yóò wà lókè dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n wo èyí tó ń ṣẹ́jú àti èyí tí kò ṣẹ́jú: ìràwọ̀ jìnnà débi pé bí ojú abẹ́rẹ́ ló rí, afẹ́fẹ́ ayé ń gbọ̀n ọ́n, planet sún mọ́ wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kì í sábà ṣẹ́jú. Bí ẹ bá sì wà nílé di ọjọ́ 3 tàbí 4 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2027, òṣùpá tó ti ń tán lọ yóò wá bá àgùàlà rìn ní ìdájí. Ẹ óò rí i pé nílé òṣùpá tín-ín-rín máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, kì í dúró ní ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń ṣe ní Manchester, torí ọ̀nà tí oòrùn àti àwọn alárìnkiri ń gbà wálẹ̀ nílé dúró gangan ju ti ibí lọ. Ẹ bi màmá yín ohun tí wọ́n ń pe àgùàlà. Mo fẹ́ mọ bí Ìkẹ̀rẹ́ ṣe ń pa òwe náà.

Lẹ́yìn ọdún 8, àgùàlà máa ń padà sí ibi kan náà ní àsìkò kan náà. Ọmọ mi ti ṣírò rẹ̀: Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2033, òun á ti pé ọmọ ọdún 16, àgùàlà á sì tún wà lókè òrùlé ilé ọ̀ọ́kán yẹn ní ìrọ̀lẹ́. Ó pe bàbá àgbà rẹ̀ lórí fóònù láti sọ fún un. Bàbá ní kí wọ́n má gbé àga òun kúrò níta.